Sikánà Kékeré ELM327: Àgbéyẹ̀wò fún Ẹni tí Iná Ṣẹ́ẹ̀kì Ẹ́ńjìnnì Kò Kú nínú Ọkọ̀ Rẹ̀

Sikánà tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí kò ju páálí ìṣáná lọ. Orúkọ tí wọ́n fi ń tà á ni ELM327. Ó máa ń wọ ihò kan tí ó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níhà ọ̀dọ̀ awakọ̀, Bluetooth ni ó sì fi ń gbé ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bá ń sọ lọ sórí fóònù. Mo rà á nítorí Toyota Corolla ọdún 2003 kan tí iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọ̀ tí kò kú, tí ọkọ̀ náà sì ti ti ọwọ́ mẹkáníìkì kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn láàárín Gáà Akànbí àti Tánkẹ̀ ní Ìlọrin. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi tó báyìí láti sọ ohun tí ó lè ṣe àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Èrò mi ni pé ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti dàgbà yẹ kí ó ní in, ṣùgbọ́n ìdí tí ó fi yẹ bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí àwọn tí ń tà á máa ń sọ. Wọ́n á ní ó ń sọ ohun tí ó ń ṣe ọkọ̀. Kò sọ ọ́. Àwọn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń wò kí ó tó tan iná náà ni ó ń jẹ́ kí olówó ọkọ̀ fojú ara rẹ̀ rí, àwọn nọ́ńbà yìí ni kò sì jẹ́ kí ènìyàn máa fi owó ra ohun tí kò bàjẹ́.

Ní Ìlọrin àti káàkiri gúúsù Kwara, ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni ó pọ̀ jù lójú títì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ lò ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé láti orí ọkọ̀ ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ ní ètò tí wọ́n ń pè ní OBD-II. Ètò náà ni ó fún gbogbo ọkọ̀ ní ihò ẹlẹ́nu 16 kan náà, tí ó sì fún ọ̀pọ̀ àìsàn ẹ́ńjìnnì ní kóòdù kan náà, ìbáà jẹ́ Toyota, ìbáà jẹ́ Honda. Yúróòpù kò sọ tirẹ̀ di dandan fún ọkọ̀ tí ń lo pẹtiróòlù títí di ọdún 2001, nítorí náà Golf tàbí Peugeot àtijọ́ tí ó ti ibẹ̀ wá lè ní ihò náà kí ó má sì dá sikánà yìí lóhùn. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí tirẹ̀ jẹ́, kí ó ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà máa ń ní ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì tàbí sí ìtòsí rédíétọ̀, wọ́n á sì ti kọ OBD II sí i lára.

ELM327 fúnra rẹ̀ jẹ́ orúkọ ṣíìpù kan tí ilé-iṣẹ́ Elm Electronics ní Kánádà ṣe, iṣẹ́ ṣíìpù náà sì ni láti sọ èdè ọkọ̀ di èdè tí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù lè gbọ́. Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé ní ọdún 2022. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń rí rà lónìí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wọn rárá, àdàkọ ni. Àdàkọ tí ó dára wà, èyí tí kò dára sì wà, nọ́ńbà tí wọ́n bá sì kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè fi ìyàtọ̀ hàn: ọ̀pọ̀ ni wọ́n kọ v1.5 sí lára, bẹ́ẹ̀ sì ni Elm Electronics kò ṣe ohun tí ń jẹ́ v1.5 rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọkọ̀ àgbà gan-an nìyí. Ṣáájú ọdún 2008, ọkọ̀ tí ó wà lábẹ́ OBD-II lè máa lo ọ̀kan nínú ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ márùn-ún. Méjì wà tí orúkọ wọn ń jẹ́ J1850, tí Ford ń lo ọ̀kan, tí General Motors sì ń lo èkejì. ISO 9141-2 wà. ISO 14230 tí wọ́n tún ń pè ní KWP2000 wà. CAN ni ó ṣe ìkarùn-ún, òun nìkan ni wọ́n sì fọwọ́ sí fún ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà láti 2008. A máa ń rí àdàkọ tí ó ń bá CAN sọ̀rọ̀ dáadáa tí kò sì gbọ́ ti àwọn ọ̀nà àtijọ́, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti 2010 kò sì ní mọ̀ láéláé pé nǹkan kan kù nínú ohun tí òun rà. Corolla 2003 tí mò ń sọ yìí, ISO 9141-2 ni ó ń lò. Ẹni tí mo ra sikánà lọ́wọ́ rẹ̀ gbà kí n dán an wò lára ọkọ̀ kí n tó sanwó, ọpẹ́lọpẹ́ èyí, nítorí pé irú kan wà nínú ohun tí ó kó jáde tí iná ara rẹ̀ tàn, tí fóònù rí i, ṣùgbọ́n tí kò rí ọkọ̀ rárá. Olùtajà tí kò bá gbà kí ẹ dán an wò, ẹ má rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá ẹlòmíràn.

Ó tún yẹ kí ẹ mọ irú fóònù tí ẹ ní kí ẹ tó jáde nílé. Èyí tí ń lo Bluetooth àtijọ́ kò bá iPhone ṣe pọ̀; ẹni tí ó ní iPhone gbọ́dọ̀ béèrè èyí tí ń lo Wi-Fi tàbí èyí tí wọ́n kọ Bluetooth LE sí lára. Lórí Android kò sí wàhálà. Áàpù méjì ni mo lò, Torque àti Car Scanner. Torque ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́, ó sì ní ẹ̀dà olówó. Car Scanner rọrùn fún ẹni tí kò tíì ṣe irú nǹkan báyìí rí, òun sì ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹ ó ki sikánà bọ ihò, ẹ ó yí kọ́kọ́rọ́ débi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù yóò tàn, ẹ ó so ó pọ̀ mọ́ fóònù. Bí ó bá béèrè nọ́ńbà ìwọlé, 1234 tàbí 0000 ni ó sábà máa ń jẹ́.

Kóòdù tí ó jáde lára ọkọ̀ mi ni P0171. Lẹ́tà P dúró fún ẹ́ńjìnnì àti jíà. Òdo tí ó tẹ̀ lé e túmọ̀ sí pé kóòdù gbogboogbò ni, kì í ṣe ti Toyota nìkan. Ohun tí gbogbo rẹ̀ sì ń wí ni pé nínú àdàlù afẹ́fẹ́ àti epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó, afẹ́fẹ́ pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Mẹkáníìkì kan ti rí kóòdù yìí kan náà ṣáájú, ó sì sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ti kú nìyẹn, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀.” Wọ́n fi tòkunbọ̀ mìíràn sí i, wọ́n yọ orí bátìrì, wọ́n dá a padà, iná náà kú. Ọjọ́ kò lọ títí tí ó fi tún tàn. Ohun tí ó mú kí irú èyí máa ṣẹlẹ̀ káàkiri ni pé wọ́n ka kóòdù sí orúkọ ohun tí ó bàjẹ́. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ni ó gbọ́ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ jù nínú èéfín, òun ni ó lọ ròyìn fún kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá yọ ẹni tí ó mú ìròyìn wá, tí ẹ fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, tí ẹni tuntun náà sì jẹ́ olóòótọ́, ìròyìn kan náà ni yóò mú wá. P0171 kò sọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kò sì sọ bóyá epo ni ó kéré. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ni yóò wá ìyẹn.

Ohun àkọ́kọ́ tí sikánà yìí fún mi, tí wọn kò tíì fi hàn mí ní ibì kankan, ni ohun tí wọ́n ń pè ní freeze frame. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ fi kóòdù pamọ́, ó máa ń kọ bí nǹkan ṣe rí ní ìṣẹ́jú àáyá náà sílẹ̀: bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, bí omi rédíétọ̀ ṣe gbóná tó, bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó. Tèmi fi hàn pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa, pé kò yí ju bí ó ṣe máa ń yí nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, àti pé eré ọkọ̀ jẹ́ òdo. Èyí nìkan ti sọ ohun tí ó pọ̀. Kì í ṣe lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré ni àìsàn náà ti yọjú, ibi tí ọkọ̀ dúró sí ni, nínú gosiló bóyá ní Ọ̀fà Gáréèjì tàbí níwájú ilé.

Ohun kejì ni fuel trim, òun gan-an sì ni ó jẹ́ kí n máa yin ẹ̀rọ yìí. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ní iye epo tí ó kọ́kọ́ ṣírò pé ó yẹ kí nọ́súlù fún sílẹ̀. Bí sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn bá sọ pé epo kéré, yóò fi kún un. Bí ó bá sọ pé ó pọ̀, yóò dín in kù. Fuel trim ni ìdá tí ó fi kún un tàbí tí ó yọ kúrò nínú ọgọ́rùn-ún. Méjì ni ó wà, èyí tí ń yí padà ní kíá mọ́sá, àti èyí tí ó ń kọ́ ìwà ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ tí kì í tètè yí padà. Bí a bá ro méjèèjì pọ̀, ó yẹ kí wọ́n wà nítòsí òdo. Bí wọ́n bá ti kọjá 10, yálà sókè tàbí sísàlẹ̀, nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a wá. Nígbà tí ọkọ̀ mi dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, èyí tí kì í tètè yí padà wà ní 22, èyí tí ń yára yí padà sì ń ṣeré ní àyíká 6. Kọ̀ǹpútà ń fi epo tí ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin kún iye tí ó yẹ kí ó tó, kí ẹ́ńjìnnì má baà kú. Mo tẹ tọ́tù, ìyẹn ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ẹsẹ̀ wa ń ṣí, títí tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí 2500 láàárín ìṣẹ́jú kan, mo sì dì í mú síbẹ̀. Àpapọ̀ méjèèjì bọ́ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 5.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí èyí ń sọ, nítorí pé ibí ni owó ti ń ṣòfò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Afẹ́fẹ́ tí ń wọ inú ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gba iwájú sẹ́ńsọ̀ MAF, èyí tí ń wọn bí afẹ́fẹ́ náà ṣe pọ̀ tó. Bí ihò kan bá wà lẹ́yìn tọ́tù, afẹ́fẹ́ tí a kò wọ̀n yóò máa yọ́ wọlé níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, tọ́tù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé tán, ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ kíkankíkan, afẹ́fẹ́ tí ó sì ń gba ọ̀nà ẹ̀tọ́ wọlé kéré, nítorí náà èyí tí ó ń yọ́ wọlé á pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí a bá tẹ tọ́tù, afẹ́fẹ́ gidi á ya wọlé, èyí tí ó ń gba inú ihò kò ní tó nǹkan mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà tí ó ga lórí ìdúró, tí ó wá relẹ̀ nígbà tí a tẹ tọ́tù, ihò ni ó ń tọ́ka sí. Ká ní ńṣe ni ó dára lórí ìdúró tí ó wá ń ga sí i bí ọkọ̀ bá ṣe ń sáré tó tàbí bí ó bá ń gun òkè, ohun tí a óò máa wò ni fílítà epo, fọ́ǹpù epo tí agbára rẹ̀ ti ń lọ, tàbí sẹ́ńsọ̀ MAF tí ó ti dọ̀tí. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Riwáyà kan wà ní Tánkẹ̀, ọmọdé ni, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Mo gbé fóònù náà ka orí bátìrì níwájú rẹ̀, mo ṣàlàyé ohun tí nọ́ńbà méjèèjì túmọ̀ sí, ó sì ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ẹ má pa á.” Ó fi aṣọ wé ẹnu puláyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra fún àwọn họ́ọ̀sì rọ́bà tí ó wọ ara manífóòdù (páìpù tí ń pín afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì), lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi sì ń wo fóònù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò yí nǹkan kan padà. Nígbà tí ó dé ara họ́ọ̀sì kúkúrú tí ó ti ara fááfù PCV, èyí tí ń dá oru inú ẹ́ńjìnnì padà kí ó lè jó, bọ́ sí manífóòdù, tí ó fún un pa, nọ́ńbà tí ń yára yí padà já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti 6 sí ìsàlẹ̀ òdo, ó ń lọ sí −16, −18. Kọ̀ǹpútà ṣì ń fún un ní àfikún epo tí ó ti mọ́ ọn lára, ihò sì ti dí, ni ó bá ń sáré yọ epo kúrò. Ó tú ẹnu puláyà, nọ́ńbà gòkè padà. Ó tún fún un, ó tún já wálẹ̀. Nígbà tí ó yọ họ́ọ̀sì náà tí ó gbé e lé mi lọ́wọ́, òkè rẹ̀ dán, kò sí ohun tí ó ṣe é. Abẹ́ rẹ̀, níbi tí ó ti tẹ̀ kọ́rọ́, ni rọ́bà ti rọ̀ nítorí ọ́ìlì, bí a sì ti ń tẹ̀ ẹ́ ni ẹnu rẹ̀ ń là, ó gùn tó ìdajì ìka. Kò sí ẹni tí ìbá fi ojú lásán rí i níbi tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì.

Owó họ́ọ̀sì tuntun náà kò tó owó ọ́ìlì gálọ́ọ̀nù kan. Mo mọ̀ọ́mọ̀ má fi sikánà pa kóòdù rẹ́, nítorí mo fẹ́ kí ọkọ̀ náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ara òun ti yá. Nínú ìlànà OBD-II, bí kọ̀ǹpútà bá ti yẹ ibi tí àìsàn wà wò nínú ìrìnàjò mẹ́ta léra-léra tí kò sì rí i mọ́, yóò pa iná náà fúnra rẹ̀. Ó pa á lójú ọ̀nà Òmù-Àrán. Fuel trim rẹ̀ kò kúrò láàárín −4 àti 4 láti ìgbà náà.

P0171 kan náà lè ní orísun mìíràn ní àdúgbò wa. Eruku ọyẹ́ tí ń bò wá láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì kì í ṣe kékeré ní Ìlọrin, bí fílítà afẹ́fẹ́ kò bá sì ṣe wẹ́kú tàbí tí wọ́n ti fọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, eruku náà á lẹ̀ mọ́ wáyà tín-ín-rín tí ó wà nínú MAF, yóò sì máa pe afẹ́fẹ́ púpọ̀ ní díẹ̀. Lórí ìdúró, MAF ẹ́ńjìnnì líta 1.8 bíi ti Corolla sábà máa ń ka nǹkan bíi gíráàmù méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan; bí ó bá jìn sí èyí púpọ̀, ẹ fura. Ohun ìfọ́n tí wọ́n ṣe fún MAF ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má fi aṣọ nù ún, ẹ má sì fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́. Epo fúnra rẹ̀ náà lè fa á. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí pẹtiróòlù tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, irú kóòdù báyìí jẹ́ ohun tí ènìyàn lè retí, nítorí pé methanol ní ọ́síjìn nínú, ẹ́ńjìnnì sì nílò rẹ̀ ju bí ó ṣe nílò pẹtiróòlù lọ láti ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí iná bá tàn láìpẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ra epo níbi tí ẹ kì í ti í rà á, pàápàá epo inú kẹ́ẹ̀gì ní ẹ̀bá ọ̀nà, ẹ lo epo náà tán ná kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú nǹkan kan.

Kóòdù mìíràn tí mo máa ń bá pàdé nígbà tí àwọn ará àdúgbò bá ní kí n bá wọn wo tiwọn ni P0420. Ó dùn mí láti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó ń wí ni pé kátálíìsì, ohun tí ń sọ èéfín di mímọ́ lára sáléńsà, kò ṣiṣẹ́ mọ́ bí ó ti yẹ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ pé kò sí kátálíìsì kankan níbẹ̀ mọ́. Àwọn kan ń rà á kiri nítorí platinum, palladium àti rhodium tí ó wà nínú rẹ̀. Mẹkáníìkì á sọ fún olówó ọkọ̀ pé ó ti dí, pé ó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, wọ́n á gé e, wọ́n á jó páìpù lásán mọ́ ibẹ̀. Lóòótọ́ kátálíìsì máa ń dí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó gé e. Sikánà lè ràn yín lọ́wọ́ níbí náà. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tí ó wà lẹ́yìn kátálíìsì tí ara rẹ̀ dá, tí ẹ́ńjìnnì sì ti gbóná, máa ń dúró lójú kan ní ìwọ̀n iná tí ó lé díẹ̀ ní ìdajì fóòtì (volt). Bí ó bá ń gòkè sọ̀kalẹ̀ láàárín 0.1 àti 0.9 láìdáwọ́ dúró, kátálíìsì náà ti lọ, tàbí kí ó máà sí níbẹ̀. Pípààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ kò lè pa irú iná bẹ́ẹ̀. Bí kóòdù bá sì jẹ́ P0455 tàbí P0442, ẹ kọ́kọ́ wo ìdérí táǹkì epo, nítorí pé oru epo tí ń jò jáde ni ó ń sọ, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni ìdérí tirẹ̀ sì ti sọnù tí wọ́n ti fi èyí tí kò bá a mu rọ́pò.

Ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ tí wọ́n ti lò pàápàá yẹ kí ó yá sikánà yìí bí kò bá lè rà á. Bí wọ́n bá yọ bátìrì tàbí tí wọ́n pa kóòdù rẹ́, àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fún ara rẹ̀ náà á parẹ́, yóò sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó parí wọn padà. Áàpù ní ibi tí ó ti ń fi èyí hàn, wọ́n ń pè é ní readiness. Bí púpọ̀ nínú wọn kò bá tíì parí, tí ẹni tí ń ta ọkọ̀ sì ń búra pé ojoojúmọ́ ni òun ń wà á, ẹ bi í pé ta ni ó pa iná rẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ohun kan tún wà tí kò gba sikánà: bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn. Bí kò bá tàn, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀.

Bí iná náà bá wá ń ṣẹ́jú, tí kò tàn gbagidi, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Ó túmọ̀ sí pé sílíńdà kan kò jó epo tirẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà nítorí púlọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì rẹ̀, epo tútù náà sì ń lọ jó nínú kátálíìsì. Ẹ rọra dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà. Kóòdù rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín P0301 sí P0304 fún ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin, nọ́ńbà ìparí rẹ̀ ni ó sì ń sọ sílíńdà tí ó jẹ́.

Àwọn ibi tí sikánà yìí kù sí kò kéré. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kì í ka iná ABS (ti bíréèkì) tàbí ti àpò afẹ́fẹ́, àwọn kóòdù tí ó jẹ́ ti Toyota tàbí Honda nìkan kì í sì í ní àlàyé tí ó kún nínú áàpù ọ̀fẹ́. Lórí ọkọ̀ tí ń lo ISO 9141-2 ó lọ́ra gan-an. Bí ẹ bá yan nọ́ńbà púpọ̀ láti wò pọ̀, á máa fò, ẹ ó sì rò pé ọkọ̀ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni kí ẹ máa wò lẹ́ẹ̀kan. Bluetooth rẹ̀ máa ń já nígbà mìíràn bí fóònù bá gba ìpè. Kò lè pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó ṣí fááfù yìí tàbí kí ó pa nọ́súlù yẹn, gẹ́gẹ́ bí sikánà ńlá ti àwọn riwáyà tí ó mọṣẹ́ ṣe lè ṣe é. Kò sì ní ọwọ́ tí yóò fi fún họ́ọ̀sì pa. Láìsí ọmọdékùnrin tí ó mú puláyà, ihò ni ǹ bá mọ̀ pé ó wà, ǹ bá má mọ ibi tí ó wà.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, owó tí mo fi rà á kò tó èyí tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ mi fún sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tí kò bàjẹ́, mo sì gbà pé ó yẹ fún ẹnikẹ́ni tí ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti Amẹ́ríkà láti 1996 sókè, tí ó sì ṣetán láti jókòó ti nọ́ńbà méjì fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kí ó kàn tẹ bọ́tìnnì kan kí iná kú, kí ó má rà á. Bọ́tìnnì náà wà nínú áàpù lóòótọ́, iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò sì yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó yọ orí bátìrì. Lẹ́yìn lílò, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ihò rẹ̀, nítorí pé ẹnu kẹrìndínlógún ihò náà ń gba iná tààrà láti ara bátìrì, kódà nígbà tí ẹ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti gbó lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ bí ẹ bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.